Ìyá Ràfíù sá gbodo sórí fọ́tò mi

Inú ń bí mi gan-an!

Mo fi kẹ́míkà tí oòrùn máa ń sọ di búlúù kun kánfáàsì tó gùn ju èèyàn lọ, mo fi fíìmù fọ́tò lé e, mo tẹ́ ẹ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé kí oòrùn lè yọ àwòrán náà jáde.

Omi tí n ó fi fọ̀ ọ́ ni mo lọ pọn.

Kí n tó dé, Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa, ti sá gbodo kún orí ẹ̀.

"Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

"Mo rò pé aṣọ lásán ni. Àbí oòrùn náà ti di tìẹ nìkan?"

Gbogbo ibi tí iṣu bò, oòrùn ò dé ibẹ̀. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, ojú inú fọ́tò ti di funfun.

Ojú ọkọ ẹ̀ tó ti kú ni o! Ràfíù ló ní kí n ṣe é fún màmá òun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni yóò bá mi sọ fún Ìyá Ràfíù?