Ìwé tí Dókítà Oyèbísí Ò Rí Rí
Ewì àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó fẹ́ràn òkè àti odò ni Dókítà Oyèbísí ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlá. Lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ ní àpérò àwọn onímọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jókòó tì í. Onímọ̀ kan láti òkè òkun bi í pé, “Níbo lẹ ti rí ìwé tí ẹ tọ́ka sí yẹn? Mo wá a títí.”

Oyèbísí ò rí ìwé náà rí. AI, ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnni, ló ní kó bá òun kọ apá ibẹ̀, ẹ̀rọ náà ló sì hùmọ̀ ìwé náà. Oyèbísí ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ó sì pa kámẹ́rà.

“Mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa o,” ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wí. “Wọ́n ń gbọ́ yín.”

Ojú gbà á tì. Ó tan kámẹ́rà padà, ó jẹ́wọ́. Àwọn tó ṣètò àpérò náà yọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kúrò nínú tiwọn. Títí dòní, pátákó ló ń kọjú sí bó bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.