Ẹ̀wù Afẹ́fẹ́ Tí N Kò Jẹ́ Kó Sùn Mọ́jú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nínú omi l'Ọ̀kà Àkókó lọ́dún tó kọjá, tí n kò tíì sọ tán fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo lè sọ ọ́ báyìí. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ́ omi ni mo ṣe l'Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo máa ń wọ̀ lọ, láti wo ibi tó bá bàjẹ́. Ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń jẹun nínú òkun! Ẹ mọ̀ pé òkúta la ní ní Àkókó, a ò ní òkun, nítorí náà àwọn ará ilé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀wù kan wà tí àwa oníṣẹ́ abẹ́ omi máa ń wọ̀, tí àpò afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Tí o bá tẹ bọ́tìnì, afẹ́fẹ́ á ti inú sílíńdà tí o fi ń mí, tó wà lẹ́yìn rẹ, wọ inú ẹ̀wù náà, á sì gbé ọ sókè. Tí o bá tú afẹ́fẹ́ náà jáde, wàá rì. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jò?

Ìyàwó mi ló ń tọ́jú tèmi. Ìyá Kúdí kò mọ odò wẹ̀, kò tilẹ̀ fẹ́ kí omi odò kọjá orúnkún òun. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti Èkó dé, báàgì iṣẹ́ mi ló máa kọ́kọ́ gbà. Á bu omi kànga sínú ẹ̀wù náà, á mì ín, á dà á nù, á tún bu òmíràn, títí iyọ̀ òkun á fi tán nínú rẹ̀. Á wá fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á fi í kọ́ sórí ìṣó kan nínú iyàrá, níbi tí oòrùn kò dé.

Òwò epo pupa ló ń ṣe. Kò sí kẹ́ẹ̀gì tó máa da epo sí tí kò ní kọ́kọ́ jẹ́ kí omi sùn mọ́jú nínú rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Bó ṣe ń ṣe ẹ̀wù mi náà nìyẹn. Láàárọ̀, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ṣì le, á ní, "Bàbá Kúdí, ó sùn, ó jí. Ẹ lè wọ̀ ọ́." Tó bá ti rọ̀, n kò ní gbé e jáde nílé, àfi tí mo bá fẹ́ jà.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí Múfú, àbúrò rẹ̀, pè mí lórí fóònù pé kí n máa bọ̀. Mo ju ẹ̀wù náà sínú báàgì pẹ̀lú omi òkun lára rẹ̀. Wọ́n ti sin Ìyá Kúdí kí n tó dé.

Mo ti báàgì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ni ǹ bá ní kó fọ̀ ọ́?

Lọ́dún tó kọjá, Múfú, tó ń gbé l'Ọ̀kà, wá bá mi. Ó ní koríko àti ẹrẹ̀ ti dí ẹnu páìpù dáàmù kékeré tí àdúgbò wọn ń lò, àwọn obìnrin sì ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi pọn. Mo gbà láti wọ inú omi lọ ro ó. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Èkó fi sílíńdà tó kún ránṣẹ́. Ó fẹ́ fi ẹ̀wù kún un, mo ní mo ní tèmi.

Nígbà tí mo ṣí báàgì, iyọ̀ ti funfun lára ẹ̀wù náà, gbogbo ibi tó ti ká sì ti sán. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó ń jò lápá òsì. Ǹ bá ti jù ú nù. Ibo lẹ rò pé mo gbé e lọ? Ọ̀dọ̀ Làmídì fọganáísà ni, n'Ìkàrẹ́!

Làmídì yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí bóyá àwọn ẹja ló pè mí sípàdé. Ó tì í bọ inú agbada omi rẹ̀ bíi túùbù táyà, ó rí ibi tó ń hó, ó fi sọlúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tún tì í bọ omi, kò hó mọ́. Ó ní èyí á gbé mi dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n kí n fi í sílẹ̀ di ọ̀la kó tó wọ omi.

N kò fi í sílẹ̀. Mo sọ fún un pé wọ́n ń dúró dè mí l'Ọ̀kà. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdí rẹ̀ gan-an. Tí mo bá fẹ́ jẹ́ kó sùn, orí ìṣó yẹn ni ǹ bá fi í kọ́ sí.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo wọ omi. Múfú di okùn tí mo so mọ́ ìbàdí mú létí omi. Mo ní tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kó fà mí jáde. Omi náà jìn tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì ṣókùnkùn. Ọwọ́ ni mo fi ń wá ẹnu páìpù. Mo gé koríko títí, mo kó ẹrẹ̀ títí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ páìpù.

Mo tẹ bọ́tìnì kí n lè gòkè.

Afẹ́fẹ́ wọlé, mo sì gbọ́ ọ tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Híhó omi gba ojú mi kọjá, èmi kò kúrò lójú kan. Òjé wúwo tí mo ń so mọ́ ìdí kí n lè rì nínú òkun ni mo so wá. Mo ti gbàgbé pé omi iyọ̀ máa ń gbé èèyàn ju omi odò lọ. Gbogbo títẹ̀ tí mo sì ń tẹ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ tí mo fẹ́ mí ni mò ń dànù.

Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìdáhùn. Múfú ti tú u sílẹ̀ jù kí n lè ráyè ṣiṣẹ́, kò mọ̀ pé mo fà á. Mo wá ìdè ìgbànú òjé, n kò rí i. Ẹ̀wù tó ti rọ̀ ti bò ó. Èémí mi ń yá. Mo ń ronú nípa Kúdí ọmọ mi, pé ta ni yóò pè é lórí fóònù.

Mo fi agbára mú ọwọ́ mi rọra. Mo ká etí ẹ̀wù náà sókè, mo tọ ìgbànú láti ẹ̀yìn wá síwájú, ìka mi kan irin. Mo fà á. Òjé já bọ́, mo ń gòkè, mo rọra ń mí jáde títí mo fi rí ojú ọ̀run.

Múfú fà mí dé etí omi. Ó wo ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ mi láyà bí aṣọ tútù. Kò bi mí bóyá páìpù ti là.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó sùn?"

Mo ní rárá.

Nílé, ohun tí Làmídì lẹ̀ ṣí sí mi lọ́wọ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́. Túùbù táyà ló mọ̀, aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ nínú sì ni èyí. Kódà bí kò bá ṣí, ibi méjì mìíràn ti ń là.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Fún oṣù mélòó kan kó tó kú, Ìyá Kúdí ń sọ pé àyà ń dun òun. Màá ra oògùn fún un ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì, ara rẹ̀ á fúyẹ́ di ìrọ̀lẹ́, mo sì máa padà s'Èkó. N kò dúró kí ilẹ̀ mọ́, kí n wò ó bóyá ó ṣì fúyẹ́. Òun ń dúró bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wù mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ohun tó gbé ẹ̀mí dání, ìbáà ṣe okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ ni tàbí bíréèkì ọ̀kadà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má ká a pa mọ́ ní tútù, kí ẹ sì jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó gbà á gbọ́. Mo ti fọ ẹ̀wù náà. Orí ìṣó rẹ̀ ló wà. N kò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti lẹ̀ rí tẹ́ ẹ rò pé ó ti dí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á.