Ayùn Tí Mo Rán Ènìyàn Lọ Rà

Inú tákàbà ni mo wà nígbà tí mo pinnu pé mo fẹ́ ra ayùn oníná. Ẹni tó bá ti ṣe tákàbà rí mọ̀ pé kì í ṣe àsìkò ọjà rírà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú fi ń jókòó sílé. Kò ní í lọ sọ́jà, kò ní í lọ sóde, kò ní í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn tó wá kí mi ní kí n fi àsìkò náà sinmi. Wọn ò mọ̀ pé ìjókòó pàápàá máa ń rẹ ènìyàn. Bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó gbé omi àlùwàlá, ó ti rẹ̀ mí.

Iṣẹ́ férémù ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Tẹ̀dé. A ń ṣe férémù àwòrán ìgbéyàwó, ti àwòrán wólímà, ti dígí ńlá tí ìyàwó tuntun máa ń gbé lọ sílé ọkọ, àti ti àwòrán àwọn tó ti lọ. Ọkọ mi ló ń fi ayùn ọwọ́ gé pákó. Èmi ni mò ń fi sánpépà ha á, tí mò ń fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, tí mò ń fi gíláàsì sí i. Gbogbo wàhálà férémù kò ju igun rẹ̀ lọ. A kì í gé orí pákó rẹ̀ ní títọ́, a máa ń gé e kí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí pákó méjì lè pàdé níbẹ̀ kí wọ́n sì mú ara wọn. Bí igun náà bá ṣí sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn yóò máa lọ. Wọn ò ní í wo ojú ìyàwó tó wà nínú àwòrán mọ́.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mo gbé ayùn rẹ̀. Mo rò pé ohun tí mo ti ń wò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ọwọ́ mi yóò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún ti ń dùn mí tipẹ́, kò sì gbà fún mi. Igun kan ṣoṣo ni mo gé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun Àílà, ọrùn ọwọ́ náà ti wú, mi ò lè fún aṣọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni a bí. Ìbàdàn ni ó ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń pè mí. "Màmá, bí ẹ bá ti parí tákàbà, a ó wá gbé yín." Kò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Ó ń sọ ọ́ bí ohun tí a ti jọ sọ tán. Mo mọ ohun tó ń dúró dè mí níbẹ̀: yàrá tí wọ́n ti kùn, bẹ́ẹ̀dì rírọ̀, àwọn ọmọ tí wọn yóò máa gùn mí lẹ́yìn, àti èmi tí n ó máa bèèrè ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí nínú ilé ìdáná ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn ọmọ mi. Mi ò fẹ́ lọ. Àwọn méjèèjì ló wà lọ́kàn mi, kò sì sí èyí tó fẹ́ yọ̀ǹda àyè fún èkejì.

Ṣùgbọ́n kí ni n ó sọ tí wọn yóò fi jẹ́ kí n dúró? Bí mi ò bá lè gé igun, mi ò níṣẹ́. Bí mi ò bá níṣẹ́, mo di ìyá arúgbó tó fọwọ́ lẹ́rán nínú ilé òfìfo, ọmọ mi sì jàre kí ó wá gbé mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ayùn oníná, èyí tí ń gé igun, ti máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé mi kí ọkọ̀ Ìbàdàn tó dé.

Mo wo irú ayùn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí. Nínú àwòrán, gbogbo ayùn ló tóbi bákan náà. Àwọn kan ń lo bátìrì. Níbo ni n ó ti máa fi iná sí bátìrì ní Tẹ̀dé, níbi tí iná ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ bọ́ bàtà? Àwọn kan tóbi débi pé jẹnẹrétọ̀ kékeré wa yóò kú kí wọ́n tó yí lẹ́ẹ̀kan. Mo wá fi ọkàn sí èyí tó kéré, tó ní wáyà. Ohun tó kù tí mi ò mọ̀ ni bóyá yóò gé pákó férémù dígí já, nítorí òun ló fẹ̀ jù nínú pákó tí à ń lò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo bẹ̀ pé kó bá mi lọ rà á ní Ṣakí. Àgbẹ̀ ni, àsìkò ebè kíkọ sì ni, ṣùgbọ́n kò kọ̀ fún mi. Kò mọ téèpù kà. Mo bá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe bí a bá fẹ́ ra bàtà fún ọmọ tí kò tẹ̀ lé wa lọ sọ́jà. Mo fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀, mo fi wọn ìbú pákó náà, mo ṣẹ́ ẹ, mo sì gbé e fún un.

"Bàbá, pákó tó bá fẹ̀ tó èyí ni kí ayùn náà lè gé."

"Mo gbọ́, ìyàwó." Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ náà há inú fìlà rẹ̀, ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrì ló dé. Páálí wà lórí itan rẹ̀, eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun rí i, pé ó bára mu géérégé. Ó yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ láti inú fìlà, ó tẹ́ ẹ sórí abẹ ayùn náà láti etí kan dé èkejì. Lóòótọ́, kò lé, kò dín. Ojú ẹsẹ̀ ni inú mi bàjẹ́. Abẹ róbótó ni. Òkè rẹ̀ wà nínú ìdérí irin, kò sì lè sọ̀kalẹ̀ wọnú pákó láéláé. Ìwọ̀nba tó ń wọ igi kò tó ìdajì ìbú rẹ̀. Mo wọn ohun tí ayùn máa gé, ó wọn ohun tí ayùn fi ń gé e. Mo bu omi fún un.

Òun ló ní ká dán an wò. Ó fa jẹnẹrétọ̀ títí ó fi gbà. Mo gbé pákó dígí sí i, mo tẹ ayùn náà sílẹ̀. Ó fúyẹ́, ọrùn ọwọ́ mi fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó wọ pákó, ó sì dúró sí àárín. Mo yí pákó náà padà, mo gé e láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n ojú ibi tí mo ti gé méjèèjì kò bára wọn pàdé. Nígbà tí mo fi kan ìkejì rẹ̀, igun náà là bí ẹnu ẹni tó ń sùn.

"Kí ló ṣe é?" Bàbá pa jẹnẹrétọ̀.

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Pákó ló fẹ̀ jù ú lọ."

"Ṣebí ohun tí o fún mi ni mo fi wọ̀n ọ́n."

"Òun náà ni. Ẹ ò jẹ̀bi, sà."

Ó jókòó sórí páálí, ó ṣí fìlà, ó sì nu ojú. "Ìyàwó, ó ti rẹ̀ mí. Àbúrò mi kú, mi ò tíì sunkún rẹ̀ tán. Ebè ń dúró dè mí lóko. Kí lo tilẹ̀ fẹ́ fi ayùn ṣe? Ọmọ rẹ ní òun ń bọ̀ wá gbé ọ. Lọ sinmi."

Bó ṣe sọ ọ́, mo mọ̀ pé òun àti ọmọ mi ti jọ sọ ọ́ lórí fóònù. Mi ò bínú sí i. Agbára ìbínú ò sí lára mi.

"Bàbá, bí mo bá lọ síbẹ̀, mi ò ní í padà wá mọ́."

"Ta ló ní kí o padà?"

Kò sọ ọ́ ní ìkà. Ó rò pé ìtura lòun fi ń lọ̀ mí ni. Ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi, níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí mi ò tíì sunkún níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo ní, "Ibí ni mo fẹ́ wà. Ibí ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tó jẹ́ pé bó bá di alẹ́, n ó rí i pé mo ṣe nǹkan. Bí mo bá kúrò níbí, èmi náà ti kú nìyẹn, wọn ò kàn tíì sin mí ni."

Ó gbé igun tó bàjẹ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò tọ̀tún tòsì. Ó ní òun yóò gbé ayùn náà padà lọ́la. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ kọ ebè rẹ̀, bí mo bá ti jáde nínú tákàbà, èmi fúnra mi ni n ó lọ. Ó ní ó dáa. Ó bá mi gbé ayùn náà padà sínú páálí kó tó lọ.

Láti ọjọ́ náà, mo ń wo páálí, páálí ń wò mí. Ọmọ mi ti dá ọjọ́: ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé ìparí tákàbà. Ó ní kí n máa di ẹrù díẹ̀díẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Mi ò di nǹkan kan.

Nígbà tí tákàbà parí, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, wọ́n ṣe àdúà fún mi. Ọjọ́ kejì, mo gbé páálí náà, mo wọ ọkọ̀ Ṣakí. Oòrùn ń ta mí lójú. Ní gbogbo ibi tí mo bá dé ni mo ti ń pàdé ẹni tó mọ ọkọ mi. "Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á fi Alùjánnà kẹ́ ẹ." Mo ṣe àmín títí ẹnu mi fi gbẹ. Nígbà tí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù náà, mo kọ́kọ́ bèèrè àga.

Ọlọ́jà náà dá páálí rẹ̀ mọ̀, ó sì gbà láti bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Ó mú mi lọ síwájú ayùn ńlá kan, ó ní kò sí pákó tí kò lè gé. Mo di ọwọ́ ayùn náà mú, mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló gbé mi lọ. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e sókè, ọrùn ọwọ́ mi ní rárá. Mo fẹ́ máa lọ sílé. Mo ti ń ro ohun tí n ó dì sínú báàgì Ìbàdàn.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti rí ìkẹta. Mo fẹ́ kọjá rẹ̀, nítorí abẹ rẹ̀ kò tóbi ju ti èyí tí mo gbé wá lọ. Ṣùgbọ́n orí irin gígùn méjì ló jókòó lé, ènìyàn sì lè fà á mọ́ra kó tún tì í lọ. Mo fà á. Ó tẹ̀ lé mi wẹ́rẹ́. Abẹ rẹ̀ kéré, ọ̀nà tó ń rìn ló gùn. Mo yọ pákó dígí tí mo fi sínú àpò, mo ní kí ọlọ́jà náà bá mi tan jẹnẹrétọ̀. Ó ní òun yóò bá mi gé e. Mo ní ó ṣeun, kó fi sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tì í lọ díẹ̀díẹ̀, ó já pákó náà pátápátá. Ọwọ́ dùn mí, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

"Èyí ni," mo sọ fún un. Mo rò pé inú mi yóò dùn. Ó rẹ̀ mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò sinmi nígbà tí mo délé. Mo gé pákó férémù dígí kan tán, mo fi gúlúù sí i, mo fi rọ́bà inú táyà tí a máa ń là wẹ́wẹ́ dì í yíká. Mo fi èékánná wá ibi tí igun rẹ̀ ti ṣí. Mi ò rí i. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ìyẹ̀fun pákó kún ìbòrí mi.

Ìrun Mọ̀gàríbì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán nígbà tí ọmọ mi pè.

"Màmá, ṣé ẹ ti di ẹrù?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá ń ṣe látàárọ̀?"

"Mo lọ sí Ṣakí, mo ra ayùn. Mo ṣe férémù kan."

"Màmá, ohùn yín ti lọ sílẹ̀ jù. Ṣé kò rẹ̀ yín ni?"

"Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí gan-an."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ mi."

"Inú ilé mi ni ó ti rẹ̀ mí," mo dá a lóhùn. "Ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ sinmi."

Kò dárúkọ ẹrù mọ́. Ó bi mí bóyá yàrá ẹ̀yìn ṣì lè gba òun àti àwọn ọmọ sùn lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní ó lè gbà wọ́n.