Ojú tí Ìyá Àgbà Fi Wo Ayàwòrán

Èéfín ti gba abẹ́ àtíbàbà kan, ojú gbogbo wa ń ṣomi, síbẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kò mú ojú kúrò lára ọkùnrin tó jókòó sórí àpótí lódìkejì ojú irin. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ń fi àfọ́kù igbá yí gàrí nínú agbada, ṣa, ṣa, ṣa.

"Ó tún ti dé," ó ní. "Ẹ fa ìborùn yín wálẹ̀."

Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí bojú. Ọkùnrin náà gbé pátákó sórí itan, ó ń kun ọ̀dà sí i, ó ń wò wá, ó tún ń kùn ún.

Ìlú le nígbà náà. Àwọn tó ń ra gàrí ní kóńgò ti ń fi agolo mílíìkì rà á. Etí ojú irin l'Ọ́fà ni àtíbàbà wa wà, kò sì sí ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí wọ́n bá lé wa níbẹ̀, ebi ló kù.

"Agbódegbà ajínigbé ni," obìnrin kan sọ, bó ṣe ń gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ tó ń sun omi kíkan.

"Àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ yìí ló rán an," èkejì fèsì. "Àbí kí ló dé tí kò fi fóònù yà wá bí gbogbo ayé?"

Mo ní, "Ìyá Àgbà, bóyá àwòrán ló kàn ń yà."

"Ta ní ń ya ìyà? Ẹni tó bá fẹ́ yàwòrán, ìyàwó ni yóò lọ yà."

Mo rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Àgbélébùú pupa kan wà lára òpó àtíbàbà wa, irú èyí tí ìjọba máa ń kọ sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Obìnrin kan ti ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá bá òun kó agbada. Ìyá Àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má kó nǹkan kan. Ó da kẹrosíìnì sí àkísà, ó nu òpó náà títí kò fi ku nǹkan kan.

"Bó bá jẹ́ àwọn tó ń wólé ni, wọn yóò tún un kọ," ó ní. "Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, a ó rí i."

Ọkùnrin náà dé. Ó jókòó, ó dìde, ó di ojú kan, ó sún àpótí sọ́tùn-ún, ó tún sún un sósì. Nígbà tó yá, ó sọdá wá bá wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló nu àmì mi?"

"Àmì kí ni?"

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa kọ ojú sí kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí àwòrán má baà yẹ̀. Àná ni mo kọ ọ́, nígbà tí ẹ ti lọ."

"Kò wá sí àwọ̀ mìíràn ju pupa lọ?"

"Ọ̀dà ti wọ́n, Màmá. Pupa nìkan ló ṣẹ́kù dáadáa. Èéfín àti eruku ni mò ń yà níbí, wọn ò jẹ pupa."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ká ìborùn kúrò lójú. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín.

"Ó lè jẹ́ òótọ́. Máa yà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Ó sì ń wò ó títí iṣẹ́ náà fi parí. Ọkùnrin yẹn kò ṣe wá ní nǹkan kan. Nígbà tó parí, ó gbé àwòrán náà fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó tó gbà á.

Pálọ̀ mi ni àwòrán náà wà báyìí. Gbogbo obìnrin inú rẹ̀ ló tẹrí ba sídìí iṣẹ́, àfi arúgbó kan tó ń fi ojú tó ń ṣomi wo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀. Àlejò á jókòó, á sún àga kúrò níwájú rẹ̀. Àìfọkàntánni tí mo jogún lára Ìyá Àgbà yìí máa ń sú mi nígbà mìíràn, nítorí n kò lè gba ẹ̀bùn kí n má yí i wò. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà náà báyìí, kò sì sí ìwé ilẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá dé láàárọ̀, òpó ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó dáná.