Ọ̀sẹ̀ Tí Iyọ̀ Kò Ní Èènì

Bí mo bá sọ fún yín pé òyìnbó kan fi iyọ̀ dán ọmọ aráyé wò ní ọjà Lomé, ẹ ó ní àgbàlagbà yìí tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó dáa, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ẹnu mi yìí náà ló sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà lábẹ́ ìjọba Faransé, ṣùgbọ́n ó tó mi í fi bá ẹni tó ka mẹ́rìnlá sọ̀rọ̀, bí onítọ̀hún bá sáà ti ní sùúrù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà, iyọ̀ ló sì ń tà. Ọkọ rẹ̀ mú un wá láti ìhà Ọ̀yọ́, ọkọ kú, ó ku òun àti àpò iyọ̀. Agolo tó fi ń wọn iyọ̀ ti jìn nídìí, ó wọnú bí ikùn ẹni tó gba ààwẹ̀. Èmi ni mo fi fọ́ àgbọn nígbà tí mo wà ní kékeré. Nítorí náà, bí Ìyá bá ti wọn iyọ̀ tán, á ti ọwọ́ bọ inú àpò, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e: "Gba èènì rẹ, ọmọ mi." Ọwọ́ rẹ̀ yẹn fẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń sá sí.

Mo ti tó gbéyàwó nígbà tí òyìnbó alábòójútó ọjà gbé agolo yẹn yí padà, tó rí ìdí rẹ̀. Ó ní olè ni. Ó ní èènì gan-an ni àwọn oníyọ̀ fi ń bo olè mọ́lẹ̀, òun yóò fòfin dè é jákèjádò ọjà, kí Ìyá sì kó àpò rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọlọ́run wá fi òyìnbó kejì ránṣẹ́. Ọ̀dọ́ ni, iṣẹ́ tó bá wá ni láti mọ ohun tó ń mú èèyàn yan èyí kó fi tọ̀hún sílẹ̀. Oòrùn Lomé ti bó imú rẹ̀ bí àlùbọ́sà, mo rò pé a máa rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ó bẹ alábòójútó ọjà pé kó fún òun ní ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́ta, kí Ìyá fi agolo tuntun tà láì fi èènì sí i. Ó ti gbé e sórí òṣùwọ̀n: iyọ̀ agolo tuntun ju ti agolo jíjìn àti ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù, kó padà sí ti àtijọ́. Bí àwọn oníbàárà bá fẹ́ràn ti tuntun, òfin dúró, Ìyá kúrò lọ́jà. Bí wọ́n bá fẹ́ràn ti àtijọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà kankan pé ìdánwò ni. Bí a bá sọ ọ́, ó ti bà jẹ́, Ìyá ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí. "Ìyá, ta ló máa rí iyọ̀ tó pọ̀ jù tí ò ní fẹ́?"

"Ìwọ náà ti ń di yovó, bí òyìnbó yìí. Jókòó síbẹ̀."

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni obìnrin kan, ọmọ Atakpamé, tó ń ta ẹja yíyan. Ogún ọdún ló ti ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ Ìyá. Ìyá da agolo tuntun sínú igbá rẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Obìnrin náà kò gbé igbá.

"Ìyá, ẹ ti gbàgbé."

Ìyá wolẹ̀. "Ó tán."

"Ó tán kẹ̀?" Ó yíjú sí mi. "Kí lo ṣe fún ìyá rẹ?"

"Èmi kẹ̀! Ṣé èmi ni iyọ̀ ni?"

Ó gbé igbá rẹ̀, ó ń wẹ̀yìn lọ. Àwọn mìíràn dé: ṣé ara Ìyá ò yá ni? Ṣé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n nílé ni? Òyìnbó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn wa, ó ń kọ̀wé, orí rẹ̀ ń gbóná. Ó ní wọ́n gba púpọ̀, ojú wọn wá dà bíi ti ẹni tí wọ́n jà lólè, àbí wọn ò mọ ìṣirò ni? Àwọn oníbàárà ní kí ló wí. Mo ní, "Ó ní ẹ kú ìrọ́jú."

Lọ́jọ́ kejì, ìdajì wọn ni kò wá.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹlẹ́ja dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àgbà obìnrin méjì. Kò gbé igbá dání. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Ìyá, bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi. Bó bá ṣe pé ọmọ mi ni, màá fà á wá. Bó bá ṣe pé ewúrẹ́ mi ló lá iyọ̀ yín, màá tà á. Ogún ọdún lẹ fi ń bù sí igbá mi. Kí ni mo ṣe?"

Ọkọ rẹ̀ náà ṣí fìlà. "Ìyá, ẹ dárí jì wá. A ò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ dárí jì wá ná."

Gbólóhùn kan péré ló máa parí gbogbo rẹ̀, gbólóhùn ọ̀hún náà ló sì máa lé Ìyá kúrò lọ́jà. Mo fi eyín mú ètè mi. Ìyá wo àpò iyọ̀, ó wo òyìnbó, ó wo obìnrin tó wà nílẹ̀. Ó wá ti ọwọ́ ńlá yẹn bọ inú àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́, kò rí igbá tó máa bù ú sí, ó bù ú sínú ìṣẹ́po aṣọ obìnrin náà.

"O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Òyìnbó yìí ló ń dán wa wò." Ó kọjú sí mi. "Sọ fún un pé mo ti ba ìdánwò rẹ̀ jẹ́. Kó lọ pe ọ̀gá ọjà wá. N ò lè fi ẹni ogún ọdún ra ibi tí màá jókòó sí."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ lẹ́nu mi.

Òyìnbó dìde. Ó ní ṣùgbọ́n iyọ̀ agolo yẹn pọ̀ jù! Ẹlẹ́ja ń gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún rẹ̀. "Sọ fún un pé mo mọ̀. Mo ti ń fi iyọ̀ ra ẹja lára kí bàbá rẹ̀ tó mọ ìyá rẹ̀. Èyí tó wà nínú agolo, owó mi ló rà á. Èyí tí Ìyá bù sí i, èmi ni wọ́n bù ú fún."

Òyìnbó kọ ìyẹn sílẹ̀, ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ó wá pa ìwé dé, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ bá alábòójútó ọjà. Ọjọ́ mẹ́ta péré la lò nínú mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó sọ ọ́ ní Faransé tó dán pé ìdánwò ti parí, agolo àtijọ́ ló borí. Ó tún sọ pé kí wọ́n tún ìdí agolo náà ṣe, kí ọ̀rọ̀ olè lè tán. Alábòójútó ọjà ráhùn, ó sì gbà.

Èmi ni wọ́n kó òòlù fún. Mo lu ìdí agolo yẹn títí ó fi tẹ́, pẹ̀lú ìtìjú àgbọn tí mo fi í fọ́ ní kékeré. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba iyọ̀ sí i. Ọwọ́ Ìyá kò sì kéré sí i.

Òyìnbó ọ̀dọ́ náà ló kọ́kọ́ fi agolo náà ra iyọ̀. Ìyá wọ̀n ọ́n, ó bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Òyìnbó ka owó iyọ̀ agolo fún un, ó wá tún tọwọ́ bàpò, ó fẹ́ san ti èènì.

Ìyá ti ọwọ́ rẹ̀ padà. "Sọ fún un pé kò tíì yé e."

Mo wo ojú rẹ̀ tó pupa, tó ń bó. Mo ní, "Ìyá ní kí o bá òun kí màmá rẹ nílé."