Àwọn Adìẹ Tí Màmá Òyìnbó Ò Fẹ́ Tà fún Mi

Wọ́n wà lórí ẹsẹ̀ mi! Adìẹ mẹ́rin nínú páálí, wọ́n ń ké, gbogbo èrò inú tákísí ń wò mí, mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Àǹtí mi ní kí n kọjú sí fèrèsé. Mi ò lè kọjú síbì kankan. Adìẹ mi ni! Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Àtìgbà tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti wà lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Bruma, nílẹ̀ òkèèrè níbí. Mi ò ríṣẹ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ àǹtí mi náà, ni wọ́n bá ní tí oṣù yẹn bá fi parí tí mi ò rí nǹkan ṣe, màá padà sọ́dọ̀ ìyá wa nílé. Ẹnì kan tó ń se oúnjẹ ilẹ̀ wa tà ládùúgbò Yeoville ti ní òun á máa ra ẹyin lọ́wọ́ mi. Onílé wa náà gbà kí n sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, tí kò bá ṣáà ti sí àkùkọ. Ó wá ku adìẹ tó ń yé.

Pápá kan wà lọ́nà Midrand táwọn tó ń sin adìẹ ti máa ń pàdé, wọn á fi adìẹ ṣe pàṣípààrọ̀, wọn á sì tà. Ká tó débẹ̀, ọ̀pọ̀ àgò ti ṣófo. Màmá òyìnbó àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ṣì ní adìẹ tó ń yé. A ti ná an parí o, ni mo bá yọ aṣọ tí mo ya lára ìró mi àtijọ́. Nílé, téèyàn bá ra adìẹ tó fẹ́ sìn, á so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó títí á fi mọ ilé, kó má bàa sá lọ.

Màmá yẹn wo aṣọ náà, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Kí n tó lanu, àǹtí mi tó fẹ́ràn àwàdà ti fi òyìnbó dáhùn pé pẹpẹsúùpù la fẹ́ fi wọ́n sè.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti àgò pa. Wọ́n ní àwọn ò ta adìẹ tó ń yé fún ẹni tó máa pa á jẹ. Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé àwàdà ni, bí wọ́n sì ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó ló ń dà bí irọ́ tó. Àwọn èèyàn ti ń kó ẹrù sọ́kọ̀. Mo ti ń rí ara mi ní pápákọ̀ òfuurufú, tí mò ń padà sílé.

Mo kúnlẹ̀ sórí koríko. Mo ní kí wọ́n gbé ẹyọ kan péré fún mi, kí n fi ohun tí mo fẹ́ ṣe hàn wọ́n. Wọ́n lọ́ra, wọ́n gbé e. Mo rọra so aṣọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mo so etí kejì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ara mi, mo jókòó. Adìẹ fà díẹ̀, ó ta koríko, ó wá sinmi ti síkẹ́ẹ̀tì mi. Omi ń dà lójú mi.

Mo ní, “Mà, ta ló máa so ara ẹ̀ mọ́ ẹran ọbẹ̀?”

“Eish,” ni màmá wí, bí wọ́n ṣe máa ń ké níbí tí nǹkan bá yani lẹ́nu, wọ́n sì ṣí àgò. Wọ́n ní tí àwọn adìẹ náà ò bá yé mọ́, kí n kó wọn padà wá fún àwọn. Àǹtí mi rọra gún mi nígbọ̀nwọ́: “Ṣáà sọ pé o ti gbọ́.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo lọ wo àwọn adìẹ mi. Wọn ò tíì yé, ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Mo bu omi fún wọn. Mo wọlé, mo fa báàgì tí mo ti dì sílẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì gbé gbogbo aṣọ inú ẹ̀ kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.