Òyìnbó Tó Ní A Lọ́ra

Màmá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ọkùnrin tó ń mú wa kiri ìlú Róòmù ń fi èdè Yorùbá bú wa. Mo gbà wọ́n gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ara mi máa ń tètè gbóná, n kì í sì í dúró béèrè ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò Longbridge la wà ní Barking, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ wa sì ni màmá mi ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti ṣaláìsí. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Róòmù nígbà ìsinmi ilé-ìwé, ohun tí ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún méjìlá kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wáìfáì wà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, béèrè bóyá kìnnìún wà níbẹ̀. Màmá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà pọ́ńbélé, béèrè bóyá ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ju àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù sí ṣì wà. Mo wò ó lórí fóònù, mo ní ó wà, àwọn ará ibẹ̀ sì gbà pé inú rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù àti Pétérù wà nígbà ayé wọn.

Màmá mi sọ ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Èmi náà ń lọ. Mo fẹ́ kọ orin kan nínú ẹ̀wọ̀n yẹn kí n tó kú."

Bí màmá mi ṣe jáde ní kíṣìnì ni ọmọbìnrin mi sún mọ́ mi. "Mummy, no offence, but Grandma is so slow. We won't see anything."

Mo fi ojú bá a wí. N kò mọ̀ pé màmá mi ò tíì kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí mo rí kò ju pé láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń rìn yí Barking Park po láràárọ̀, tàwọn ti ìró àti bùbá, pẹ̀lú kánfáàsì aláwọ̀ osùn tí ọmọbìnrin mi ti pa tì. Mo rò pé dókítà ló ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn.

A dé Róòmù, oòrùn ibẹ̀ ò sì mọ àlejò. Ọmọkùnrin mi wo gbogbo inú pápá ńlá tí wọ́n ti ń fi ènìyàn bọ́ ẹranko láyé àtijọ́, kò rí kìnnìún kan, ló bá sọ pé àwọn èèyàn yìí gba owó wa lásán. Níta, àwọn ọkùnrin kan tó múra bíi sójà Róòmù ní ká wá bá àwọn ya fọ́tò. Màmá mi wò wọ́n láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ kan Olúwa mi mọ́ àgbélébùú? Ẹ tún wá ń rẹ́rìn-ín!" Wọ́n fa ọmọkùnrin mi lọ́wọ́, a kọjá.

Ọkùnrin tó ń mú wa kiri jẹ́ ọ̀dọ́, ó ní irùngbọ̀n, ó sì ń gbé àsíá kékeré kan sókè lórí igi. Ó fún olúkúlùkù ní nǹkan tí a ó kì bọ etí kí a lè máa gbọ́ ọ. Ó ti kìlọ̀ láàárọ̀ pé wákàtí tiwa wà láti wọ ẹ̀wọ̀n náà, bí a bá pẹ́, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún wa mọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń yí lẹ́nu, màmá mi kò gbọ́ ju ìdá díẹ̀ lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ṣe kedere. Kí ó tó sọ ohunkóhun, kí a tó kúrò níbikíbi, á yíjú sẹ́yìn sí ibi tí àwa wà, á gbé àsíá sókè, á ní, "Allora!"

Nígbà tó ku gẹ̀rẹ́ òkè kan ṣoṣo ká gùn dé ẹ̀wọ̀n, màmá mi jókòó lórí òkúta àtayébáyé kan, wọ́n yọ nǹkan etí wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ máa lọ. Màá dúró dè yín níbí."

"Mọ́mì, kí ló dé? Ẹ̀wọ̀n Pọ́ọ̀lù ló kù yìí o!"

"Àtàárọ̀ ni òyìnbó yìí ti ń sọ ọ́ sí mi létí. A lọ́ra, a lọ́ra. Á wẹ̀yìn, á rí mi, á ní a lọ́ra. Òótọ́ ló sọ, mo lọ́ra. Ẹni tó kọ́ ọ ní Yorùbá ni mo fẹ́ mọ̀." Wọ́n wá wo ọmọbìnrin mi.

"Me? Grandma, I swear down, I didn't tell him nothing!"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ ní kíṣìnì?"

Omi lé ròrò sí ọmọ náà lójú. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí màmá mi fi ń yí páàkì po. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti dùn mí báyẹn, ìbínú ló máa ń jáde. Mo gbéra lọ bá ọkùnrin náà láàárín èrò.

"Oga, who is slow?"

Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Allora, signora..."

"Ẹ gbọ́! Ó tún sọ ọ́ lójú mi!"

Arákùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di báàgì rẹ̀ mú. Ọkùnrin alásìá náà fi ìyá rẹ̀ búra pé òun ò gbọ́ èdè kankan tó ń jẹ́ Yorùbá rí. Ó ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwọn ará ìlú àwọn ń sọ ni, bí àwọn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tàbí tí àwọn bá fẹ́ máa lọ. Ọmọbìnrin mi ti tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, pẹ̀lú omi lójú, ló bá sáré padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Yorùbá rẹ̀ ò ju orúkọ oúnjẹ àti ìbáwí lọ, ṣùgbọ́n eléyìí, mo ti ń pariwo ẹ̀ mọ́ ọn láràárọ̀ ilé-ìwé láti kékeré.

"Grandma, it just means óyá! Óyá ló ń sọ!"

"Óyá?"

"Oya," ni ọkùnrin náà, tó ti tẹ̀ lé wa dé ọ̀dọ̀ wọn, dáhùn, ó ń mi orí kíá.

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi bọ́ sílẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ sọ pé óyá ló wá ń pariwo a lọ́ra!" Àmọ́ wọn ò dìde. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n wo gẹ̀rẹ́ náà. "Síbẹ̀, mo lọ́ra."

Ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀, mi ò sì ní kó kúnlẹ̀. Ó ní, "Grandma, I'm sorry. What I said was rude." Màmá mi, tí wọ́n máa ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nígbà tó bá wù wọ́n, na ọwọ́ sí i, ọmọ náà sì fà wọ́n dìde.

A bá àkókò wa, díẹ̀ ló kù ká pẹ́ jù. Lẹ́nu ọ̀nà, màmá mi bọ́ bàtà bí wọ́n ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwa náà bọ́ tiwa. Ọkùnrin alásìá la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó ní "Al...", ó rí màmá mi, ó gbé e mì.

Inú ẹ̀wọ̀n náà kéré, ó tutù. Ọwọ́ ọmọbìnrin mi ni màmá mi dì mú sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ orin wọn, jẹ́jẹ́, láìfo ẹsẹ kankan. Àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn wa lórí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Ẹnì kan wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi yíjú sí wọn, kò sì fi ọwọ́ ìyá àgbà sílẹ̀.

"Sorry," ló wí. "A lọ́ra."